Okùn Agbẹ́kànga Ti Fúyẹ́

Ọkùnrin méjì péré ló gbé àkọ́bí ilé agbẹ́kànga dé ibojì. Mẹ́fà ni wọ́n yàn. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ti ká apá aṣọ sókè, torí gbogbo àdúgbò ló mọ irú ènìyàn tí olóògbé jẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ dá: bó bá jókòó sí ìkangun bẹ́ǹṣì kan, ẹni tó wà ní ìkangun kejì á di igi mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé pósí náà, àwọn mẹ́rin kan rí i pé ọwọ́ àwọn kò ṣiṣẹ́ kankan níbẹ̀. Wọ́n bá rọra jáwọ́, wọ́n ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tó ń sin àlejò sọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi bo ilẹ̀ tán.

Ìgbà tí wọ́n délé lọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ojú yín fọ́ ni? Wọ́n ti pín in jẹ tán kó tó kú. Awọ àti egungun ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ká bá wọn sin."

"Ọkùnrin gìdìgbà bẹ́ẹ̀, láàárín ọdún kan! Ta ló tún ní kí wọ́n wá ṣàlàyé fún òun?"

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni ojú wọn ń yí sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó jókòó ti ògiri, tó ká okùn ńlá kan lé itan. Adìkùnmú ni wọ́n ń pè é. Àbúrò olóògbé ni, ọmọ ìyàwó kejì bàbá wọn. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá wọn náà ti lọ. Ó lọ sílé ọkọ, ó bọ̀ láìbímọ, ó padà sídìí iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Obìnrin tí kò bímọ, tí kì í rẹ́rìn-ín láìnídìí, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì le ju ti ọkùnrin lọ: bí aráyé bá ń wá ẹni tí wọ́n máa fi orúkọ àjẹ́ ta lọ́rẹ, ṣé wọ́n tún máa rìn jìnnà ni?

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ ilé náà. Wọ́n á ri igi mẹ́ta sí ẹnu kànga, wọ́n á so orí wọn pọ̀, wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ irin kékeré kọ́ ibẹ̀, okùn á gba orí kẹ̀kẹ́ náà kọjá. Ẹni tó ń gbẹ́ á jókòó sínú ojóbó tó wà ní orí okùn, á di etí ihò mú, á sì ké pe ẹni tó wà lókè pé, "Mo ti wà lórí okùn!" Ẹni tó di okùn mú á fà á le, á gbọ́ ìwúwo ọmọ ènìyàn lọ́wọ́ ara rẹ̀, á wá dáhùn pé, "Ó wúwo!" Ìyẹn ni pé, mo ti gbà ọ́, o ti di ẹrù mi. Bí agbẹ́kànga kò bá tíì gbọ́ "Ó wúwo," kò gbọdọ̀ fi etí ihò sílẹ̀. Bàbá wọn ló fi kọ́ wọn, bàbá tirẹ̀ ló sì fi kọ́ òun náà.

Nígbà tí àkọ́bí kú, àbúrò rẹ̀ ló gba dígà. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọmọ Ìyá Àgbà, ìyálé ilé náà. Sìmẹ́ǹtì lorúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Adìkùnmú ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga, ó pariwo pé, "Ta ló lọ di àpò sìmẹ́ǹtì mọ́ okùn yìí fún mi?" Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ lọ. Kí Adìkùnmú tó lè gbé e dúró, ó ní láti ti gìgísẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀, kí ó fẹ̀yìn sẹ́yìn. Nítorí náà, ihò méjì ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ nílé oníṣẹ́: ihò ńlá fún omi, ihò kékeré fún gìgísẹ̀ Adìkùnmú. Àwọn onílé a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn kò sanwó ihò kejì o.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, nílé káfíńtà kan tí wọ́n ń gbẹ́ kànga fún. Adìkùnmú wolẹ̀ láti yọ òkúta kan kúrò nínú bàtà, ó sì rí i pé ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ òun tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ihò. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, kò wa ilẹ̀ rárá. Ó ń sọ àbúrò rẹ̀ kalẹ̀ lóòró bí ẹni tó ń pọn garawa omi. Bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń ké "Ó wúwo!" Ẹnu ti mọ́ ọ̀rọ̀ náà lára, ọwọ́ kò sì bá ẹnu jiyàn.

"Mo ti wà lórí okùn!" Sìmẹ́ǹtì ké.

Adìkùnmú fa okùn le. Kò dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n! Mo ní mo ti wà lórí okùn o!"

"O fúyẹ́."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní o fúyẹ́. Bọ́ sílẹ̀."

Sìmẹ́ǹtì jáde nínú ojóbó, inú ń bí i. Kí ó tó lè sọ̀rọ̀, ikọ́ gbà á, ó di orí orúnkún mú, ó wú u títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Adìkùnmú dúró, ó ń wò ó. Ó ti ń rí ọmọkùnrin yìí lójoojúmọ́, ẹni tí a bá sì ń rí lójoojúmọ́, a kì í rí i mọ́. Ó wo ọrùn rẹ̀. Ó wo bẹ́líìtì rẹ̀, tí ìrù rẹ̀ ti gùn dé itan.

"Ta ló lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì yìí?"

"Èmi ni. Mo fi ìṣó gbígbóná lù ú. Bẹ́líìtì ló ń gùn sí i."

"Awọ màlúù tó ti kú ló ń gùn sí i, ìwọ tó wà láàyè kọ́ lò ń fọn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Ikọ́ yẹn ńkọ́? Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lo ti ń wú u."

"Eruku ni. Ta ló ń gbẹ́ kànga tí kì í wúkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n wa ṣe wí," ni Adìkùnmú wí, ojú ọmọkùnrin náà sì yí padà. Ẹ̀rù ló bà á. Káfíńtà tó ń fá pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dá ọwọ́ dúró, ó gbé etí sọ́dọ̀ wọn. Kí oòrùn tó wọ̀, àdúgbò ti gbọ́ pé Adìkùnmú sọ fún àbúrò rẹ̀ lójúkojú pé ó ti fúyẹ́, pé ó kù díẹ̀ kó dà bí èyí tó lọ.

Ohun tí Adìkùnmú rò ni pé, bóun bá délé, tóun sì sọ ọ́ báyìí báyìí, wọ́n á gbé ọmọkùnrin náà lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn tó sì ṣe kedere. Ó bá Ìyá Àgbà níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà lórí ìjókòó kékeré, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì là á fún un.

"Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ mi fúyẹ́?"

"Ọwọ́ mi ni, Ìyá. Okùn kì í parọ́."

"Ọwọ́ rẹ." Ìyá Àgbà gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Èmi tí mo bí i kò mọ̀ pé ó fúyẹ́. Ìyàwó tó ń sùn tì í kò mọ̀. Ìwọ lo mọ̀. Ẹni tó ń bu ẹran jẹ nínú ìkòkò ló máa ń mọ iye tó kù."

Adìkùnmú mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́yìn láti ọjọ́ ìsìnkú, wọn kò tíì sọ ọ́ sí i lójú rí. Ó dìde nílẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ ìyàwó Sìmẹ́ǹtì lọ.

Ìyàwó náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á, ẹ̀rù yìí gan-an ló dí i létí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀," ó wí ní ohùn jẹ́jẹ́. "Gbogbo òru ni wọ́n ń lé e lójú àlá. Bó bá fi máa di àfẹ̀mọ́júmọ́, aṣọ ìbora á ti rin gbingbin, màá fún un, omi á máa kán. Ẹni tí kò sáré, ṣé á làágùn tó bẹ́ẹ̀?"

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Kì í lè jẹun mọ́. Wọ́n ti ń fún un jẹ lójú oorun. Yíyó ló ń yó jí."

"Ó rẹ̀ ẹ́ láti gbé dígà báyìí, mo rí i."

"Ẹni tó fi gbogbo òru sáré, ṣé kò ní rẹ̀ ẹ́?"

Kí ni ènìyàn fẹ́ fi irú èyí ṣe? Gbogbo ohun tí Adìkùnmú bá nawọ́ sí, wọ́n ti rí ìtumọ̀ fún un kó tó débẹ̀. Ikọ́, wọ́n ní eruku ni. Òógùn òru, wọ́n ní eré àlá ni. Aṣọ tó ń ṣí kúrò léjìká, ìyàwó ti rán an wọlé níbi méjì, kí àwọn ọ̀tá má bàa rí i yọ̀. Gbogbo ilé jọ dáwọ́ jọ, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ àti ìṣó gbígbóná bo ohun tí ara ọmọkùnrin náà ń pariwo. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, òwìwí kan wá yan orí igi mẹ́ta wọn ní ibùjókòó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìmọ́lẹ̀ ń lọ, Adìkùnmú padà sílé káfíńtà láti wo ibi tí okùn ti ń bó. Ẹyẹ náà wà lókè, ó yí orí, ó tẹjú mọ́ ọn. Gbogbo ohun tó ti ń ká Adìkùnmú lára láti ọjọ́ yìí ló bá já lé ẹyẹ ẹlẹ́yẹ lórí. "Ìwọ náà! O ò rí ibòmíràn bà lé? Ṣé ilé wa nìkan ló kù ní ayé yìí? Lọ sílé àwọn ẹlòmíràn!" Ó ju òkúta sí i, ẹyẹ náà fò lọ.

Ìyàwó káfíńtà wà lẹ́yìn fèrèsé. Òun ló gbé ìròyìn náà kiri: Adìkùnmú ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀, ó sì rán an níṣẹ́ sí ilé àwọn ẹlòmíràn! Ní ọ̀la rẹ̀, ọmọ aládùúgbò kan bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọmọ yìí kò tilẹ̀ kú, máńgòrò tí kò pọ́n ló jẹ yó, ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó rántí gbé ìyẹn kiri.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wọn tó jẹ́ olórí ẹbí, wá gba okùn lọ́wọ́ Adìkùnmú. Ó ní kí iṣẹ́ dúró ná. Ó ti okùn náà mọ́ inú yàrá tirẹ̀. Kànga káfíńtà dúró lágbedeméjì, Sìmẹ́ǹtì jókòó sílé, ó ń fọn lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ fa Adìkùnmú wọ ẹ̀yìn ilé, ó tú aṣọ ìnujú kékeré kan. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò pọ̀, ó pọ́n rokoṣo. "Ó ní n kò gbọdọ̀ fi han ẹnikẹ́ni," ó wí, ẹkún sì gbà á. Adìkùnmú kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré sí títì, ó pe ọlọ́kadà kan wá, ó wọlé, ó gbé Sìmẹ́ǹtì lápá dìde. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá Ìyá Àgbà lórí ilẹ̀. Ó ti na ara rẹ̀ gbalaja síwájú táyà.

"Orí mi ni ọ̀kadà yìí máa gbà kọjá. O fẹ́ gbé e lọ síbi tí ẹ ti máa parí rẹ̀!"

"Ìyá, ilé ìwòsàn ni! Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà lọ́nà ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù! Kí ni mo fẹ́ fi ẹran ara rẹ̀ ṣe?"

"Ìwọ lo mọ̀!"

Ọlọ́kadà wo màmá tó wà nílẹ̀, ó wo Adìkùnmú, ó yí ọ̀kadà rẹ̀ padà. "Ẹ máa bínú, màmá, mo ní ọmọ nílé," ó wí, ó sì lọ. Sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ yọ apá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun kò lè tẹ orí ìyá òun kọjá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Adìkùnmú jókòó sẹ́yìn ilé, ó sunkún, kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́ o, ẹkún ìbínú ni. Ó dà bí ẹni tó ń pariwo létí kànga, tí gbogbo ayé wà nísàlẹ̀, tí wọ́n sì ń dá a lóhùn pé omi kò tíì sí.

Wọ́n pe aríran kan. Obìnrin náà ti ìlú kejì wá, ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyẹn sì mú kí wọ́n gbà á gbọ́. Ó ní kí wọ́n gbé Sìmẹ́ǹtì jáde sí gbàgede lójú gbogbo ènìyàn. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Ẹran ara rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan nínú ilé yìí," ó wí. "Ẹ máa gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan á rí i pé ó wúwo bí ó ti yẹ kí ọmọkùnrin wúwo. Ẹni tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń jẹ ẹ́."

Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ gbé e. Gbogbo ènìyàn rí i bí ó ṣe gbé e fìrì bí ẹni gbé ìrọ̀rí, tí ó sì yára ranjú, tó fẹ̀yìn sẹ́yìn, tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "Há! Ó wúwo o!" Ìyàwó gbé e, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ó wúwo." Ó kan Ìyá Àgbà. Ó di ojú, ó nawọ́ sí abẹ́ apá ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kò tíì kúrò nílẹ̀ tí ìyá fi ní, "Ó wúwo!"

Ó wá ku Adìkùnmú. Àwọn ará àdúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà, káfíńtà wà níwájú, ìyàwó rẹ̀ gun àpótí kan kó lè ríran.

Adìkùnmú kò jẹ́ òmùgọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti ń ké láti ọdún pípẹ́. Bó bá sọ ọ́, á wọ yàrá rẹ̀ lọ lálàáfíà. Àbúrò rẹ̀ á sì kú, torí ẹni tó wúwo kò ní àìsàn, kí ni wọ́n tún fẹ́ wá dé ilé ìwòsàn? Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Sìmẹ́ǹtì gùn ún lẹ́yìn, ó fi apá méjèèjì kọ́ ọ lọ́rùn. Ara rẹ̀ gbóná bí àdògán. Adìkùnmú gbọ́ egungun ìhà rẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ọmọkùnrin náà wí sí i létí, "ẹ sọ pé mo wúwo. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa yín nítorí mi." Ó wá fi ohùn tó kù fún un rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo ti wà lórí okùn."

Adìkùnmú dìde dúró.

"Ó fúyẹ́," ó wí.

Ariwo sọ.

"Mo ní ó fúyẹ́! Ó fúyẹ́ bí àkọ́bí ṣe fúyẹ́ lọ́jọ́ tí ọkùnrin méjì gbé e lọ! Ẹ̀yin náà mọ̀! Gbogbo yín lẹ gbé e, gbogbo yín lẹ parọ́! Bó bá wúwo bí ẹ ṣe wí, á wó mi lulẹ̀ kí n tó dé títì. Ẹ dúró kẹ́ ẹ máa wò mí."

Ó yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó gba àárín wọn kọjá, wọ́n sì là fún un, torí ẹ̀rù àjẹ́ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ ń bà wọ́n. Ó kọjá ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì dá ṣọ́bìrì dúró, wọ́n ń wo obìnrin tó pọn géńdé ọkùnrin bí ọmọ ọwọ́. Kò sinmi lẹ́ẹ̀kan. Bí kò ṣe nílò láti sinmi gan-an ló ń mú un bínú sí i.

"Gbé ọmọ mi sílẹ̀! Gbé ọmọ mi sílẹ̀!" Ìyá Àgbà ló ń sáré bọ̀, gèlè rẹ̀ ti já bọ́ sọ́nà. Ó bá wọn, ó di ọmọ rẹ̀ ní ìbàdí mú, ó fà á kúrò lẹ́yìn Adìkùnmú tipátipá. Sìmẹ́ǹtì já bọ́ sí i lápá, ó sì gbà á mọ́ra, gbogbo rẹ̀, orí dé ẹsẹ̀, láìsí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Kò wó lulẹ̀. Ìyá arúgbó tó ń ké lójoojúmọ́ pé eékún ń dun òun, ó gbé géńdé ọkùnrin lọ́wọ́ méjèèjì, kò sì wó lulẹ̀. Ó rọra jókòó sí etí títì, ọmọ náà wà lórí itan rẹ̀.

"Ó fúyẹ́," ó wí. Kò sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Ó fúyẹ́. Mo rí àwọn mẹ́rin tó jáwọ́ lára pósí. Mo rí wọn. Mo ní kí n má rí wọn." Ẹkún wá gbà á.

Ó yẹ kí àánú ṣe Adìkùnmú. Àánú ṣe é, ṣùgbọ́n inú tó ń bí i pọ̀ ju àánú lọ. "Ẹ dìde, Ìyá. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ mú ẹsẹ̀ rẹ̀, kí n mú orí rẹ̀, ẹ ó sunkún lójú ọ̀nà."

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n nílé ìwòsàn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó fi nǹkan bo imú rẹ̀, ó ní kí wọ́n jókòó sí ìta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ó gbé Sìmẹ́ǹtì sórí òṣùwọ̀n, ó sì mi orí. Ó béèrè ìgbà tí ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ti dé bá wọn, ó di bàtà ọkọ rẹ̀ kan tó já bọ́ sọ́nà mú. Òun ló dáhùn ọ̀rọ̀ òógùn òru, òun ló dáhùn ti oúnjẹ, òun ló tú aṣọ ìnujú náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dárúkọ àlá.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i pé ó ń fọn?" ni nọ́ọ̀sì bi wọ́n.

Gbogbo wọn yí ojú sí Adìkùnmú. Ó ti mọ ìwò yẹn dáadáa, ó gbé èjìká sókè láti gbà á. "Èmi ni," ó wí, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè.

"Ẹ ṣeun," nọ́ọ̀sì wí. "Bí ẹ bá dúró sí i, òkú lẹ ó gbé wá."

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n gbà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ikọ́ ife ni. Nọ́ọ̀sì ní ó ní oògùn, pé á pẹ́ kó tó lò ó tán, kò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan, bí ara tilẹ̀ yá. Ó ní kí gbogbo ará ilé wá ṣàyẹ̀wò, torí afẹ́fẹ́ ni ikọ́ náà ń bá rìn. Ó wá kọjú sí Ìyá Àgbà. "Màmá, bí aṣọ bá ń tóbi lára ènìyàn, tí kò gbààwẹ̀, tí kò sì fúnra rẹ̀ dín oúnjẹ kù, ara ló ń pè yín yẹn. Ikọ́ lè jẹ́, àtọ̀gbẹ lè jẹ́, nǹkan mìíràn lè jẹ́. Ẹ má jókòó sílé máa dárúkọ rẹ̀. Ẹ gbé e wá ká wò ó."

"Èyí tó kọ́kọ́ lọ ńkọ́?" Ìyá Àgbà bi í. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣé òun náà..."

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kan ọwọ́ màmá náà, ó pe ẹni tó kàn.

Bí ẹ bá rò pé wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Adìkùnmú, ẹ kò mọ ọmọ aráyé. Aríran gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ òun ṣẹ, ṣebí òun sọ pé nǹkan kan ń jẹ ẹ́. Ìyàwó káfíńtà ní àjẹ́ tó gbọ́n ló ń mọ ibi tí oògùn wà. Bàbá Kékeré gbé okùn jáde nínú yàrá, ó jù ú síwájú Adìkùnmú. "Okùn rẹ rèé. Eku fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán," ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ní nìyẹn.

Ìyá Àgbà ni tirẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí ikọ́ ti dáwọ́ dúró, tí Sìmẹ́ǹtì sì ti ń béèrè oúnjẹ fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn a máa gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á sì ní ó ń sàn. Ìyá kò gbà. "Irin lásán ni," ó wí. "Irin kò mọ ọmọ mi." Ó ní kí Adìkùnmú so kẹ̀kẹ́ mọ́ igi tó wà láàárín gbàgede. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ kì í kọjá kí ó má fi ọmọ rẹ̀ sórí okùn. Adìkùnmú ń ráhùn pé òun níṣẹ́ ṣe, Sìmẹ́ǹtì ń ráhùn pé ojú ń ti òun, etí ikún ni ìyá kọ sí wọn. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, Adìkùnmú á fa okùn, á ní, "Ó ku díẹ̀," Ìyá Àgbà á sì wọlé lọ.

Títí di àárọ̀ ọjọ́ tí oògùn parí. Sìmẹ́ǹtì jókòó sínú ojóbó.

"Mo ti wà lórí okùn!"

Adìkùnmú fa okùn le, okùn náà sì fa òun náà síwájú. Ó gé e lọ́wọ́. Ó yára ti gìgísẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn sẹ́yìn, ó ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń là lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí ló dé?" Ìyá Àgbà di aṣọ àyà rẹ̀ mú. "Kí ló dé? Sọ̀rọ̀!"

"Ó wúwo."

"N kò gbọ́."

"Ó wúwo!"

"Tún un sọ, ọmọ mi."

"Ìyá, ọwọ́ ń ta mí o! Mo ní ó wúwo! Àpò sìmẹ́ǹtì ni! Ṣé ìgbà tí mo bá jẹ́ kó já bọ́ lẹ ó tó gbà?"

Nígbà tí wọ́n sọ Sìmẹ́ǹtì kalẹ̀, tí Adìkùnmú sì gbé ẹsẹ̀, màmá náà bẹ̀rẹ̀ lórí eékún rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó fi ìka kan ihò kékeré tí gìgísẹ̀ náà wà sílẹ̀. Adìkùnmú ti mú ọwọ́ síbẹ̀ láti fi iyanrìn dí i.

"Má dí i," Ìyá Àgbà wí. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i."